Tíkẹ́ẹ̀tì Méjì Tí Kò Mọ Ara Wọn

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra àtirìnrìnàjò lọ sókè òkun, àti ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń bá òbí yín ra tíkẹ́ẹ̀tì láti ọ̀nà jíjìn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ yìí kí ẹ tó sanwó. Bí ẹ bá ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí ẹ fẹ́ sọ̀kalẹ̀ nínú èkíní kí ẹ sì wọ èkejì lọ́jọ́ kan náà, àwọn iléeṣẹ́ bàálù méjèèjì kò ní kà á sí ìrìnàjò kan. Lójú ti èkíní, ìrìnàjò yín ti parí níbi tó já yín sí. Lójú ti èkejì, èrò tó ti ilé rẹ̀ wá ni yín. Bí ẹ bá pẹ́, ẹ̀yin lẹ pẹ́. Gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ láàárín méjèèjì, ọrùn yín ló wà.

Mo mọ ohun tó ń tì wá síbẹ̀. Owó ni. Ní 2022 àti 2023, nígbà tí owó àwọn iléeṣẹ́ bàálù òkèèrè há sí Nàìjíríà, tí wọn kò rí dọ́là kó jáde, tíkẹ́ẹ̀tì láti Èkó wọ́n débi pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń kọ́kọ́ lọ sí Accra, tàbí kí wọ́n gba ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ lọ sí Kútọnu, kí wọ́n lè ti ibẹ̀ fò lọ sókè òkun ní owó tó rọjú. Ọgbọ́n ni wọ́n ta nígbà náà, n kò sì ní bú ẹnikẹ́ni tó ṣe é. Ṣùgbọ́n àṣà náà ti mọ́ wa lára. Lónìí, ẹ ó ṣí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ ó tẹ Èkó àti Houston, wọ́n á to bàálù iléeṣẹ́ méjì tí kò ní àjọṣe kankan tẹ̀lé ara wọn, wọ́n á kọ iye kan ṣoṣo sísàlẹ̀, ẹ ó sì rò pé tíkẹ́ẹ̀tì kan ni. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ lè rí self-transfer tí wọ́n fi lẹ́tà wínníwínní kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí ẹ bá ti rí i, ẹ mọ̀ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó gbé ara yín àti ẹrù yín láti inú bàálù kan dé inú èkejì.

Tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ra Èkó sí Toronto lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan, tí ẹ ó sì gba London kọjá, Èkó ni wọ́n ti máa wọn ẹrù yín, wọ́n á sì kọ Toronto sí i lára. Pápákọ̀ òfurufú kọ̀ọ̀kan ní iye ìṣẹ́jú tó kéré jù tí èrò gbọ́dọ̀ ní láti bọ́ sínú bàálù mìíràn, wọn kì í sì í ta irú tíkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ bí àkókò náà kò bá pé. Bí bàálù Èkó bá wá pẹ́, tí ti Toronto sì ti gbéra, iléeṣẹ́ náà ló máa wá àyè fún yín nínú èyí tó tún ń lọ, láìgba kọ́bọ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, lọ́pọ̀ ìgbà àwọn náà ló máa wá ibi tí ẹ ó sùn àti ohun tí ẹ ó jẹ.

Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù lórí bàálù tó bá pẹ́ tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí tíkẹ́ẹ̀tì parí sí ni wọ́n ti ń ka wákàtí. Ní 2018, ilé-ẹjọ́ Yúróòpù tó wà ní Luxembourg dá ẹjọ́ èrò kan tó bá Royal Air Maroc rìn láti Berlin lọ sí Agadir, tó gba Casablanca kọjá. Ilé-ẹjọ́ ní níwọ̀n ìgbà tó ti jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan náà ló ra gbogbo rẹ̀, ìrìnàjò kan ni, bó tilẹ̀ jẹ́ bàálù méjì ló wọ̀. Ẹ wo bó ṣe kàn wá. Ẹni tó bá iléeṣẹ́ bàálù Gẹ̀ẹ́sì rin láti Èkó gba London kọjá lọ sí ìlú mìíràn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan, tí bàálù Èkó fi wákàtí méjì pẹ́, tó wá tìtorí ìyẹn dé ìlú náà lọ́jọ́ kejì, lè béèrè £520 bí ẹ̀bi bá jẹ́ ti iléeṣẹ́ náà. Ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì, tó jókòó tì í nínú bàálù kan náà, wákàtí méjì péré ni òfin rí pé ó fi pẹ́, bẹ́ẹ̀ owó gbà-má-bínú kì í bẹ̀rẹ̀ títí wákàtí mẹ́ta yóò fi pé. Kò ní gba nǹkan kan, yóò sì tún fi owó ara rẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì tuntun lọ sí ìlú náà, ní iye tí wọ́n ń ta èyí tí èèyàn rà lọ́jọ́ ìrìnàjò gan-an.

Báwo lẹ ó ṣe mọ èyí tó wà lọ́wọ́ yín? Ẹ má wo bébà tí ajẹ́ǹtì tẹ̀ fún yín nìkan. Ó lè kọ bàálù mẹ́ta sójú ìwé kan kí tíkẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ sì jẹ́ méjì. Nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ wá. Díjíìtì 13 ni, mẹ́ta àkọ́kọ́ ló sì máa ń sọ iléeṣẹ́ tó ni ín: 125 ni ti British Airways, 932 ni ti Virgin Atlantic, 071 ni ti Ethiopian Airlines. Bí nọ́ńbà kan bá wà fún Èkó sí London, tí òmíràn tó fi ohun tó yàtọ̀ bẹ̀rẹ̀ wà fún London sí Toronto, méjì ni. Ẹ bi ajẹ́ǹtì tààrà pé, “Bí èkíní bá pẹ́, ta ló máa gbé mi lọ?” Bó bá ní kí ẹ má ṣèyọnu, pé gbogbo rẹ̀ ti so pọ̀, ẹ ní kó fi nọ́ńbà hàn yín. Ẹ̀rí tó kẹ́yìn wà lára ẹrù. Nígbà tí wọ́n bá lẹ bébà mọ́ báàgì yín ní Ìkẹjà, ẹ ka lẹ́tà mẹ́ta gàdàgbà tó wà lára rẹ̀. YYZ ni Toronto. Bí ẹ bá rí LHR, Heathrow ni báàgì yẹn ń lọ, ibẹ̀ ni yóò sì wà títí ẹ ó fi wá gbé e.

Ilé níbí ni ọ̀pọ̀ èrò ti ń kọ́kọ́ kàgbákò, kí ó tó di ọ̀rọ̀ London. Ẹni tó bá wọ bàálù láti Àkúrẹ́, Ìlọrin tàbí Àbújá wá sí Èkó, ibùdó bàálù abẹ́lé ni wọ́n máa já a sí. Ibùdó àwọn tó ń lọ sókè òkun kò sí nínú ilé kan náà. Ẹ ó jáde, ẹ ó gba ẹrù, ẹ ó wá mọ́tò, ẹ ó sì la sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ Ìkẹjà kọjá. Ìyẹn rọrùn bí bàálù abẹ́lé náà bá dé lásìkò. Ṣùgbọ́n bàálù kan náà tó gbé èrò lọ sí Àbújá láàárọ̀ ló lọ Port Harcourt lọ́sàn-án, òun náà ló sì fẹ́ wá gbé yín ní ìrọ̀lẹ́. Bó bá fi ogójì ìṣẹ́jú pẹ́ níbi àkọ́kọ́, á pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ níbi kejì, ìrọ̀lẹ́ ni gbogbo rẹ̀ sì ń já lé lórí. Ọ̀pọ̀ pápákọ̀ ní Nàìjíríà kì í gba bàálù mọ́ lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀. Bàálù agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó bá fi wákàtí mẹ́ta pẹ́ níbẹ̀ ti di ti ọ̀la nìyẹn.

Ọyẹ́ ló wá burú jù. Láti oṣù Kejìlá títí dé oṣù Kejì, eruku aṣálẹ̀ lè bo ojú ọ̀run débi pé awakọ̀ kò ní rí ojú ibi tó fẹ́ balẹ̀ sí, wọ́n á sì fagi lé bàálù láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Àkókò yẹn gan-an ni àwọn ará ilé wa ń padà sí London àti Amẹ́ríkà lẹ́yìn Kérésì àti ọdún tuntun, tí kò sì sí àyè nínú bàálù kankan fún ẹni tí tirẹ̀ bá ti lọ. NCAA, àjọ tó ń mójú tó ìrìnnà òfurufú ní Nàìjíríà, ní ìlànà tó dáàbò bo ẹ̀tọ́ èrò, tí a fi lè gba ìpápánu nígbà tí bàálù abẹ́lé bá pẹ́, tí a sì lè gba owó wa padà bó bá pẹ́ jù. Ẹ gbà á, ẹ̀tọ́ yín ni. Ṣùgbọ́n owó Àkúrẹ́ sí Èkó ni wọ́n máa dá padà, wọn kò ní bá yín san ti London.

Ẹni tó ń gba ojú títì bọ̀ kò bọ́ nínú ewu yìí. Màrosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, nígbà tí àwọn èèyàn ń rọ́ lọ sí ìsìn ní Redemption City, kì í ṣe ọ̀nà tí èèyàn lè fi wákàtí méjì pèrò lórí rẹ̀. Ẹ wo kàlẹ́ńdà kí ẹ tó mú ọjọ́.

Wàyí o, London. Láti March 30, 2024 ni Air Peace ti bẹ̀rẹ̀ sí fò láti Èkó lọ sí Gatwick, inú wa sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá balẹ̀ sí Gatwick, tó sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn tó ń gbéra láti Heathrow, ẹ jẹ́ ká bá a ṣírò. Ká ní agogo mẹ́ta ọ̀sán ni bàálù balẹ̀, tí èkejì sì ń lọ ní agogo méje ààbọ̀. Wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ wà láàárín, ó sì dà bíi pé àyè gbà yín. Kí bàálù tó dúró kí ẹ sì tó sọ̀kalẹ̀, mẹ́ta ààbọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù. Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà kì í ṣí ẹnu ọ̀nà ẹ̀rọ tí àwọn ará Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ń gbà. Orí ìlà lẹ máa tò, ìlà náà sì lè gba wákàtí kan. Ẹ tún dúró de ẹrù. Agogo márùn-ún ti kọjá kí ẹ tó jáde síta. Láti Gatwick sí Heathrow, nǹkan bíi wákàtí kan ni lórí M25 bí ọ̀nà bá ṣófo, bẹ́ẹ̀ agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ gan-an ni ọ̀nà yẹn ń kún bámúbámú. Bàálù tó ń rin ọ̀nà jíjìn sì sábà máa ń ti kántà ẹrù ní wákàtí kan kí ó tó gbéra, ìyẹn agogo mẹ́fà ààbọ̀. Ẹ ti pàdánù bàálù kejì, bẹ́ẹ̀ èkíní kò pẹ́ rárá.

Àní Heathrow sí Heathrow pàápàá, ibùdó mẹ́rin ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, 2, 3, 4 àti 5, wọn kò sì sí lójú kan. Pápákọ̀ Stansted àti ti Luton tún jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó fẹ́ bá Ryanair lọ láti ibẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ogójì ìṣẹ́jú ṣáájú ni wọ́n ń ti kántà ẹrù, àti pé ẹni tí ìwé ìrìnnà rẹ̀ kì í ṣe ti Yúróòpù gbọ́dọ̀ lọ fi físà hàn ní kántà kí wọ́n yẹ ìwé rẹ̀ wò kó tó wọlé. Báàgì méjì oníkílò 23 tí bàálù Èkó gbé lọ́fẹ̀ẹ́, owó lẹ ó tún san lé e lórí níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ físà ni kí ẹ fara balẹ̀ sí jù. Ẹni tí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jẹ́ kan lè wà nínú ọgbà pápákọ̀ títí bàálù kejì yóò fi gbéra. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ méjì, tó ní ẹrù, gbọ́dọ̀ jáde lọ gbé e, kó sì padà wá wọn ọ́n. Ìyẹn ni pé ó gbọ́dọ̀ kọjá níwájú aṣọ́bodè, ó sì gbọ́dọ̀ ní àṣẹ àtiwọ ìlú náà. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, físà tí ẹni tó máa jáde báyìí ń gbà yàtọ̀ sí ti ẹni tí kò ní jáde. Òfin yọ àwọn kan sílẹ̀, bí àwọn tí físà Amẹ́ríkà tàbí ti Kánádà wà lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ó ní àwọn ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ mú ṣẹ. Ẹ wo gov.uk ní ọjọ́ tí ẹ fẹ́ sanwó, nítorí òfin yìí a máa yí padà. Bákan náà ló rí ní àwọn orílẹ̀-èdè Schengen ti Yúróòpù: ọmọ Nàìjíríà nílò físà kó tó lè gba inú pápákọ̀ wọn kọjá pàápàá, àfi ẹni tí òfin yọ sílẹ̀. Amẹ́ríkà ní tirẹ̀ kò ní ọgbà tí èrò ti ń kọjá láìwọ̀lú; ibi àkọ́kọ́ tí ẹ bá balẹ̀ sí, ìbáà ṣe Atlanta ìbáà ṣe New York, ibẹ̀ lẹ ó ti rí aṣọ́bodè, ibẹ̀ náà lẹ sì ti sábà máa ń gba ẹrù, iye yòówù kí tíkẹ́ẹ̀tì yín jẹ́.

Ẹ má sì rò pé London ni wọ́n ti máa bi yín. Kántà Ìkẹjà ni. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń bu £2,000 lé iléeṣẹ́ bàálù lórí èrò kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá gbé wá láìní ìwé tó pé, nítorí náà ọmọbìnrin tó wà ní kántà kò ní gbé ewu yẹn fún yín, bó ti wù kí ẹ bẹ̀ ẹ́ tó. London nìkan ló rí lórí tíkẹ́ẹ̀tì yín. Físà London ló máa béèrè.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára fún jù ni àwọn ìyá wa tó ń lọ wẹ ọmọ. Ọmọ bímọ ní Calgary, wọ́n ní kí Màmá máa bọ̀. Ọmọ kan ra Àkúrẹ́ sí Èkó, èkejì ra Èkó sí London, ẹ̀kẹta rí owó pọ́ọ́kú lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó ra London sí Calgary. Ìfẹ́ ni gbogbo wọn fi ṣe é. Ẹ wá fojú inú wo Màmá, ẹni ọdún 68, tí wọ́n ń ti àga fún nítorí orúnkún, tí èlùbọ́, ẹ̀gúsí àti irú kún báàgì wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ bàálù àkọ́kọ́ á ti àga náà títí dé ibi tí wọ́n ti ń gba ẹrù àti ẹnu ọ̀nà ìjáde, iṣẹ́ wọn sì parí. Ta ni yóò gbé báàgì méjì náà? Ta ni yóò mú Màmá lọ sí ibùdó kejì? Fóònù tí ẹ fún wọn lè má ṣiṣẹ́ ní London. Ìdájí ni ní Calgary, ẹ̀yin náà ń sùn. Aṣọ́bodè ń bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n fi fẹ́ wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Màmá ń dáhùn pé Kánádà làwọn ń lọ, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n ìwé tó wà lọ́wọ́ wọn kò fi bẹ́ẹ̀ hàn.

Ẹ má ṣe é fún wọn. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo láti Èkó dé ilé, kí ẹ sì pín ìyàtọ̀ owó náà láàárín ara yín. Ẹ sọ fún iléeṣẹ́ bàálù nígbà tí ẹ bá ń rà á pé wọ́n máa nílò àga. Lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan, ìrànlọ́wọ́ yẹn á tẹ̀ lé wọn dé bàálù kejì, kò sì sí owó kankan lórí rẹ̀. Kí àbúrò tàbí àbúrò ìyàwó mú wọn wá sí Èkó ní ọjọ́ tó ṣáájú, kí wọ́n sun ilé ẹbí ní Agége tàbí Ọ̀jọ̀dú, kí wọ́n jí pẹ̀lú ara líle.

Ohun kan tún wà tí ajẹ́ǹtì kì í sábà sọ. Bí ẹ bá pàdánù bàálù kejì, tí ẹ kò sì sọ nǹkan kan fún iléeṣẹ́ tó ni ín, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé èrò kò wá. Lórí ọ̀pọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì, ohun tó kàn ni pé gbogbo èyí tó kù lórí rẹ̀ á di òfo, títí kan ti àbọ̀. Mo ti rí ẹni tó fi ìnira ra tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn lọ sí ibi tó ń lọ, tí inú rẹ̀ dùn pé òun dé, tó sì jẹ́ pé ìgbà tó fẹ́ padà wálé ló tó mọ̀ pé kò sí orúkọ òun nínú bàálù.

Bí kò bá wá sí ọ̀nà mìíràn, tí méjì náà lẹ ó rà, òru kan ni kí ó wà láàárín wọn. Kì í ṣe wákàtí mẹ́fà, kì í ṣe wákàtí mẹ́jọ. Ẹ sun Èkó, tàbí Accra, tàbí London bí físà yín bá gbà yín láyè. Owó òtẹ́ẹ̀lì òru kan kéré sí tíkẹ́ẹ̀tì Toronto tí èèyàn rà lọ́jọ́ kan náà. Àwọn kan máa ń sọ pé àwọn ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, kò sì sí wàhálà. Mo gbà wọ́n gbọ́. A kì í sì í fi iná sórí òrùlé sùn nítorí pé ilé kò tíì jó. Tó bá di dandan kí bàálù abẹ́lé jẹ́ ọjọ́ kan náà, èyí tó kọ́kọ́ gbéra láàárọ̀ ni kí ẹ wọ̀, kí bàálù òkèèrè yín sì jẹ́ ti alẹ́. Báàgì ọwọ́ nìkan ló dára jù. Bí ẹ bá fẹ́ ra ìwé ìdójútòfò, ẹ ka ibi tó ti sọ̀rọ̀ nípa bàálù tí èèyàn pàdánù, nítorí òmíràn kì í sanwó lórí tíkẹ́ẹ̀tì tí a rà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, òmíràn sì ní iye wákàtí tó gbọ́dọ̀ wà láàárín bàálù méjèèjì kó tó dá yín lóhùn.

Ẹni tó ti rà á ńkọ́, tó jókòó sí Ìkẹjà báyìí tí wọ́n ń kéde pé bàálù àkọ́kọ́ máa pẹ́? Ẹ má dúró títí ẹ ó fi balẹ̀. Ẹ pe iléeṣẹ́ kejì lójú ẹsẹ̀, kí bàálù wọn tó gbéra, kí ẹ sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yí ọjọ́ padà. Owó tí wọ́n máa gbà lè dùn yín, ṣùgbọ́n tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ yín á ṣì wà láàyè. Ẹ ní kí iléeṣẹ́ àkọ́kọ́ kọ ìwé tó sọ wákàtí tí bàálù fi pẹ́ àti ohun tó fà á. Kí ẹ tó kúrò ní kántà, ẹ fi fóònù ya ìwé náà àti bébà tó wà lára báàgì yín, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń dúró dè yín.